Nígbà tí ìka bá ń ṣe iṣẹ́ ojú: Báwo ni ẹni tó ń lo ẹ̀rọ Braille ṣe lè mọ fáìlì tó léwu?

Ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, iléeṣẹ́ Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn tó ń ṣe fún Windows 10. Ọ́fíìsì, báńkì àti ilé ẹ̀kọ́ tí kọ̀ǹpútà wọn ti gbó ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ lọ sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan àwọn mìíràn tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ níye, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í tètè rántí: àwọn tí kò fojú ríran, tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ìkọ̀wé Braille ni wọ́n fi ń kàwé, tí wọ́n fi ń kọ̀wé, tí wọ́n sì fi ń gba ímeèlì.

Ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ElBraille, orí Windows 10 gan-an sì ni wọ́n gbé e kalẹ̀ sí. Àwọn mìíràn ń lo Android, èyí tó ti pẹ́ jù nínú wọn sì ń lo Windows CE, tí Microsoft ti pa tì tipẹ́. Ẹ̀rọ náà lè máa ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí ó máa ka ìwé, kí ó máa ṣí ímeèlì, síbẹ̀ kí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ti wà ní ṣíṣí sílẹ̀.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì ń fi fáìlì àti líǹkì dẹ pàkúté, tí gbogbo ìmọ̀ràn tí báńkì àti ìjọba ń gbà wá kò sì yọ kúrò lórí "ẹ wò ó dáadáa", kí ni kí ẹni tí kò lè wò ó ṣe?

Irú ẹ̀rọ wo ni ẹ̀rọ ìkọ̀wé Braille?

Louis Braille, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ìlànà ìkọ̀wé alámì mẹ́fà rẹ̀ jáde ní ọdún 1829. Ẹ̀rọ ìkọ̀wé Braille gbé ìlànà náà bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Kò ní láti ní ojú gíláàsì rárá. Ohun tó ní ni bọ́tìnnì díẹ̀ tí a fi ń tẹ àmì Braille, àti ìlà kan tí eyín kéékèèké ti ń yọ sókè, tí wọ́n sì ń wọlé padà, kí ìka lè kà wọ́n. Àyè lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lórí ìlà náà ni à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì.

BrailleNote Touch, tí iléeṣẹ́ HumanWare gbé jáde ní ọdún 2016, ní èyí tó ní sẹ́ẹ̀lì 18 àti èyí tó ní 32. BrailleSense 6, tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ HIMS, ní sẹ́ẹ̀lì 32. Owó àwọn ẹ̀rọ ńlá wọ̀nyí lè ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là lọ. Tí a bá ṣírò rẹ̀ sí náírà tàbí sẹ́dì, owó ọkọ̀ àlòkù ni.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń dé ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà jẹ́ àlòkù tàbí ẹ̀bùn láti òkè òkun. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè gba BrailleNote Apex, tó jáde ní ọdún 2009, kí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó yẹ kó dúpẹ́ lóòótọ́, torí ẹ̀rọ náà lè sọ ọ́ di ẹni tó ń dá kàwé láìsí ẹni tí yóò kà á fún un. Ṣùgbọ́n Windows CE 6.0 ni Apex ń lò, àtìlẹ́yìn Microsoft fún un sì ti dópin ní ọdún 2018.

BrailleNote Touch àkọ́kọ́ ń lo Android 4.4, tí Google dẹ́kun àtìlẹ́yìn Play Services fún ní ọdún 2023. Touch Plus tó tẹ̀lé e ń lo Android 8.1, tí òun náà kì í gba àtúnṣe ààbò mọ́ láti ọ̀dọ̀ Google. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká ẹ̀rọ tuntun ni ewu náà wá wúwo sí lọ́rùn jù.

Ṣé òótọ́ ni pé kòkòrò kọ̀ǹpútà kì í mú ẹ̀rọ Braille?

Èrò kan wà láàárín ọ̀pọ̀ tó ń lo ẹ̀rọ yìí pé kò sí kòkòrò tó lè wọ inú rẹ̀. Èrò náà kò jìnnà sí òótọ́ nígbà kan. Ẹni tó kọ kòkòrò fún Windows inú kọ̀ǹpútà ńlá kò ronú kan Windows CE. Bí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sórí Apex, kò ní ohun tí yóò fi ibẹ̀ ṣe.

Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ló ti yí èyí padà. Èkíní, ẹ̀rọ tó ń lo Android lè gba áàpù sórí bí fóònù ti ń gbà á, èyí sì túmọ̀ sí pé fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .apk lè ṣe é ní jàǹbá. Bákan náà ni ẹ̀rọ tó ń lo Windows lè kó ohun tí kọ̀ǹpútà ń kó.

Èkejì, ẹ̀rọ kan lè má ṣàìsàn fúnra rẹ̀, kí ó sì jẹ́ òun ni yóò gbé àìsàn náà kiri. Fáìlì tó sùn jẹ́ẹ́ lórí káàdì SD inú Apex lè jí tí a bá ki káàdì náà bọ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tàbí ti káfẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló burú jù: oníjìbìtì òde òní kò nílò kòkòrò kankan. Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ni wọ́n ń wá. Líǹkì kan tó ń díbọ́n bíi ti báńkì, tàbí ìwé PDF kan tó ní kí ènìyàn tẹ nọ́ńbà BVN rẹ̀ síbì kan, yóò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ èyíkéyìí tó bá lè ṣí ìkànnì. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó fi ojú kà á àti ẹni tó fi ìka kà á.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà

Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2000, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní ILOVEYOU gbéra láti ilẹ̀ Philippines, ó sì yí ayé ká láàárín ọjọ́ díẹ̀. Orúkọ fáìlì tó wà nínú ímeèlì náà ni LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs. Windows máa ń fi apá tó gbẹ̀yìn orúkọ fáìlì pa mọ́ nígbà náà, torí náà .TXT nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rí, wọ́n sì rò pé lẹ́tà lásán ni. Lẹ́tà mẹ́ta ìgbẹ̀yìn tó sọ pé "ètò tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni mí" kò hàn sí wọn.

Ọgbọ́n àtijọ́ yìí gan-an ló tún ń bá ẹni tó ń lo ẹ̀rọ Braille lónìí, ṣùgbọ́n ní ọ̀nà tó yàtọ̀. Kò sí ẹni tó fi ohunkóhun pa mọ́ fún un. Ìlà ìkàwé rẹ̀ ló kúrú.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Ẹni kan ń wá iṣẹ́, ó sì gba fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ iwe_igbanisise_osu_kejo_2025.pdf.apk. Nínú Braille kọ̀ǹpútà, níbi tí àmì kọ̀ọ̀kan ti ń gba sẹ́ẹ̀lì kan, orúkọ náà gba sẹ́ẹ̀lì 36. Lórí ẹ̀rọ oní-32, ibi tí ìlà náà parí sí gẹ́lẹ́ ni .pdf. Ìka yóò ka ìwé ìgbanisíṣẹ́, yóò ka PDF, inú ẹni náà yóò sì dùn. Àmì mẹ́rin tó kù, èyí tó sọ pé áàpù ni, wà ní ìlà kejì tí kò tíì yọ sókè. Lórí ẹ̀rọ oní-18, ohun tí yóò kà kò ju iwe_igbanisise_osu lọ.

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Fún ẹni tó ń fi àmì mẹ́fà kàwé, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òwe lásán mọ́. Kí ó tó ṣí fáìlì kankan, ó ní láti tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé ìlà síwájú títí yóò fi kan ìparí orúkọ náà. Ohun tó bá tẹ̀lé àmì ìdánudúró tó gbẹ̀yìn ni irú fáìlì náà gan-an, ohun yòówù kó wà níwájú rẹ̀.

Ohùn tó ń ka ọ̀rọ̀ jáde láti inú ẹ̀rọ náà lè ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n a kò lè gbára lé e nìkan. Ohùn máa ń sáré. Ẹni tó ti mọ́ lára láti gbọ́ ọ̀rọ̀ ní kíákíá lè ti fò kọjá kí lẹ́tà mẹ́ta ìgbẹ̀yìn tó dún.

Níbi tí ìka ti mọ̀ ju ojú lọ

Ọ̀rọ̀ náà ní apá mìíràn tí wọn kì í sábà sọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀tàn àwọn oníjìbìtì ni wọ́n ṣe fún ojú, ojú nìkan ni wọ́n sì lè tàn jẹ.

Oníjìbìtì lè kọ nọ́ńbà 1 sí ipò lẹ́tà l kékeré nínú orúkọ báńkì. Ó lè fi r àti n sún mọ́ ara wọn kí ojú lè rò pé m ni. Ẹni tó ríran yóò kọjá lórí rẹ̀ láìfura. Ṣùgbọ́n nínú Braille, àmì fún l, àmì fún I ńlá àti àmì fún nọ́ńbà 1 yàtọ̀ síra pátápátá. R àti n gba sẹ́ẹ̀lì méjì, m sì gba ẹyọ kan. Ẹni tó bá fi sùúrù ka àdírẹ́sì náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò bá a pàdé lójú ẹsẹ̀.

Àwọ̀ báńkì, àmì ìdánimọ̀ tí wọ́n jí gbé àti àwòrán ọ̀gá iléeṣẹ́ tó wọ kóòtù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń lò láti fi ọkàn ẹni tó ríran balẹ̀. Kò sí èyí tó ń dé orí ìlà Braille nínú wọn. Ọ̀rọ̀ lásán ló ń dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán sì rọrùn láti yẹ̀ wò.

Àǹfààní yìí kò níye lórí bí ẹni náà bá ń ka orúkọ tó hàn lójú ímeèlì nìkan. Ẹnikẹ́ni lè fi "Ẹ̀ka Ìgbanisíṣẹ́" pe ara rẹ̀. Àdírẹ́sì tó ní àmì @ nínú ló yẹ kí ìka dé, pàápàá ohun tó tẹ̀lé àmì náà. Bákan náà ni líǹkì: ọ̀rọ̀ tó hàn lè jẹ́ orúkọ báńkì, kí ibi tó ń lọ jẹ́ ibòmíràn.

Kí ni ó yẹ kí ènìyàn ṣe kó tó ṣí fáìlì?

Àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí kò gba owó, ẹni tó bá sì ti mọ ẹ̀rọ rẹ̀ lò lè dá wọn ṣe:

• Ẹ má ṣí fáìlì tààrà láti inú ímeèlì. Ẹ gbà á sí fódà kan tí ẹ yà sọ́tọ̀, kí ẹ ka orúkọ rẹ̀ dé òpin níbẹ̀.

• Fáìlì .txt àti .brf jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, wọn kò lè gbé ètò tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ wọlé. Bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ bá jẹ́ ẹni mímọ̀, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi ọ̀kan nínú wọn ránṣẹ́.

• Ẹ yẹra fún .apk, .exe, .scr, .js, .vbs àti .docm tí ẹ kò bá retí wọn. Ẹ fura sí .zip tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tì, torí pé ìlẹ̀kùn títì yẹn máa ń dí ètò ayẹfáìlì lọ́wọ́ láti wo inú rẹ̀.

• Ẹ má ṣe gba áàpù láti ibòmíràn yàtọ̀ sí ilé ìtajà áàpù tó wà lórí ẹ̀rọ yín tàbí iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà.

• Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ẹ mọ̀ ló dà bíi pé ó fi fáìlì ránṣẹ́, ẹ pè é lórí nọ́ńbà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀. Ẹ má ṣe pe nọ́ńbà tó wà nínú ímeèlì náà.

• Ẹ ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ yín sórí káàdì SD, kí ẹ sì yọ káàdì náà kúrò lára ẹ̀rọ.

Gmail máa ń kọ fáìlì .apk àti .exe láti gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé, kódà bí wọ́n bá dì wọ́n sínú .zip. Èyí dára, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ àwọn oníjìbìtì láti má so fáìlì mọ́ ímeèlì mọ́. Líǹkì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ báyìí, tàbí kí wọ́n gba orí WhatsApp wá. Nítorí náà, fáìlì tí líǹkì gbé wá ló yẹ kí a fura sí ju èyí tí wọ́n so mọ́ ímeèlì lọ.

Ìṣòro àwòrán tó ń pe ara rẹ̀ ní ìwé

Ewu mìíràn wà tí kì í ṣe ọwọ́ oníjìbìtì ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ọ́fíìsì tó yẹ kó ṣèrànwọ́ ni.

Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n máa ń tẹ ìwé jáde, wọn yóò buwọ́ lù ú, wọn yóò wá ya àwòrán rẹ̀, wọn yóò sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi PDF. Lójú ẹni tó ríran, ìwé ni. Lórí ẹ̀rọ Braille, òfìfo ni. Kò sí lẹ́tà kan níbẹ̀ tí ìka lè kà.

Kí ni ẹni tó gbà á yóò ṣe? Ó lè pe ẹni tó ríran kó wá kà á fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ èsì àyẹ̀wò ìlera tàbí ìwé owó oṣù rẹ̀ ni. Ó sì lè wá ìkànnì tó ń sọ àwòrán di ọ̀rọ̀, kó gbé ìwé náà lọ síbẹ̀ láìmọ ẹni tó ni ìkànnì ọ̀hún. Iṣẹ́ àtàtà wà lóòótọ́, bíi RoboBraille tó bẹ̀rẹ̀ ní Denmark ní ọdún 2004. Ṣùgbọ́n àwọn ìkànnì aláìlórúkọ pọ̀ jù wọ́n lọ, fáìlì tí wọ́n sì ń dá padà lè má jẹ́ irú èyí tí ènìyàn béèrè fún.

Ìkìlọ̀ kan náà bá VirusTotal, ìkànnì Google tó ń fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò ayẹkòkòrò yẹ fáìlì wò. Ó wúlò fún fáìlì tí a fura sí. Kò yẹ fún ìwé ìkọ̀kọ̀, torí àwọn onímọ̀ ààbò mìíràn lè rí ohun tí a bá gbé síbẹ̀.

Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó tako ìyàsọ́tọ̀ àwọn akanda ẹ̀dá ní oṣù Kìíní, ọdún 2019. Owó ìtanràn tó wà nínú rẹ̀ fún iléeṣẹ́ tó bá rú u jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà. Òfin tó ń dáàbò bo dátà ará ìlú náà ti wà nílẹ̀ láti ọdún 2023. Ọ́fíìsì tó fi àwòrán ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ríran lè má rò pé òun ń ṣe ohun tó kan òfin kankan. Síbẹ̀, òun ló ti ẹni náà sí ojú ọ̀nà tí àṣírí rẹ̀ lè gbà tú. Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà, tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ímeèlì gan-an, ì bá ti tó.

Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé àti ẹ̀rọ àtijọ́

Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2022, Google bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ètò ímeèlì tó ń fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé lásán wọlé. Microsoft ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà Outlook lásán ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2024. Ààbò ni ète wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Braille àtijọ́ kò mọ ọ̀nà tuntun tí wọ́n là sílẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ tí Google fi sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé àkànṣe oní-lẹ́tà 16, tí ènìyàn lè gbà lẹ́yìn tó bá ti fi ìdánimọ̀ ìpele méjì sí orí àpamọ́ rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kan tó ṣí gbogbo àpótí ímeèlì ni. Ẹni tó bá ta ẹ̀rọ rẹ̀, tó fi tọrẹ, tàbí tí wọ́n jí i gbé, gbọ́dọ̀ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lórí àpamọ́ Google rẹ̀ kíákíá.

Ọ̀nà kan tún wà tó dára ju ìyẹn lọ fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ lè so mọ́ fóònù, kí wọ́n di ojú ìkàwé rẹ̀. Fóònù ni yóò máa gba ímeèlì, òun ni yóò máa gba àtúnṣe ààbò, òun ni yóò sì máa yẹ fáìlì wò. Ìlà Braille yóò kàn máa gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ìka. VoiceOver inú iPhone ti ń ṣe èyí tipẹ́, Google náà sì fi kún TalkBack inú Android ní ọdún 2022. Bí èyí bá ṣe é ṣe, kò sí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ tún fi Apex àtijọ́ wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Kí a fi í sílẹ̀ fún ìwé kíkà àti ìwé kíkọ, iṣẹ́ tó ṣì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Kí ló wà nínú rẹ̀ fún wa?

Ìmọ̀ràn tó rọrùn jù láti fún ẹni tí kò ríran ni pé kó má ṣí ohunkóhun, tàbí kó máa pe ẹnì kan kó wá bá a wò ó. Ìmọ̀ràn méjèèjì ló ní iye tí wọ́n ń náni. Ẹni tí kò ṣí ohunkóhun yóò pàdánù ìwé ìgbanisíṣẹ́ tó jẹ́ òótọ́. Ẹni tó ń pe ènìyàn ní gbogbo ìgbà yóò máa fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó sún mọ́ni ló ṣe é fọkàn tán.

Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ bíi Pacelli ní Surulere, tó ti wà láti ọdún 1962, wọ́n ń kọ́ ọmọdé láti fi ìka mọ lẹ́tà kí wọ́n lè dá dúró. Àwọn ọmọ náà yóò dàgbà, wọn yóò wá iṣẹ́, ímeèlì yóò sì dé. Bí a bá ti ń kọ́ wọn ní A àti B, ó yẹ kí a kọ́ wọn pé orúkọ fáìlì kì í tán níbi tí ìlà bá parí sí.

Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ náà ní ẹrù tiwọn láti gbé. Ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là lọ kò yẹ kó di ẹni tí ẹnikẹ́ni kò bójú tó mọ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá sì mọ̀ pé ìlà òun kúrú lè kọ́kọ́ sọ irú fáìlì tó jẹ́ kó tó sọ orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni fún ẹni tó ń kọ ètò ẹ̀rọ. Títí tí wọn yóò fi ṣe é, bọ́tìnnì tó ń gbé ìlà síwájú ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ ẹni tó ń ka ìwé ló sì wà.